Wá Bi Mí Kí O Tó Yọ Ọ́

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni bàbá Àbíkẹ́yìn fi kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣí omi ẹ̀rọ sí àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìgbàgbé dé bá wọn, ọmọ wọn obìnrin yìí ni ọ́fíìsì omi gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ó wá di ọ̀sẹ̀ méjì tí ètò náà kò ṣí omi fún òpópónà mẹ́ta mọ́. Ọ̀gá ní bí kò bá rí ìdí rẹ̀ títí di ọjọ́ Ẹtì, àwọn yóò da gbogbo rẹ̀ nù, àwọn yóò ra tuntun.

Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì níwájú bàbá. Ó ti rí irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń tẹ àṣẹ fún, tó máa ń ka kóòdù, ìyẹn àwọn ìlà tí wọ́n fi kọ ètò, tó sì ń ṣe atọ́ka rẹ̀: béèrè orúkọ kan, á sọ ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ àti gbogbo ibi tí wọ́n ti ń pè é. Ó tẹ àṣẹ àkọ́kọ́. Irinṣẹ́ ní òun kò rí nǹkan kan. Ibi téèyàn bá dúró sí ló máa ń kà, inú fódà fọ́tò ni ọmọ wa sì dúró sí. Ta ní ń wá kóòdù láàárín fọ́tò ìgbéyàwó? Ó bú ara rẹ̀, ó lọ sí fódà tó yẹ, ó tún un tẹ̀. Ẹgbẹ̀rún méjì fáìlì wọlé, inú rẹ̀ dùn, ó pàtẹ́wọ́.

"O ti mú un, Àbíkẹ́yìn?"

"Ó ku díẹ̀, Bàbá."

Ó béèrè àṣẹ tó ń ti omi pa, tó fura pé òun ló dá omi òpópónà mẹ́ta náà dúró. Atọ́ka gbé e lọ síbẹ̀ tààrà. Ìlà mẹ́ta péré ni, ibi mọ́kànlélógójì ló sì ń pè é. Lókè rẹ̀ ni bàbá kọ ọ́ sí: "Má yọ ọ́. Ẹ̀mí èèyàn wà níbẹ̀. Wá bi mí."

Iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí. Ó yí kọ̀ǹpútà sí bàbá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí wọn ò gbọdọ̀ yọ ọ́?"

Bàbá fi ìka tọ ìlà náà, wọ́n kà á jẹ́jẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó kọ èyí mọṣẹ́ o. Ṣe ohun tó wí, lọ bi í."

Àbíkẹ́yìn kọ̀wé sí ọ̀gá pé kí wọ́n ra tuntun, ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó sunkún.

"Ṣé o rí i bi?" ni bàbá béèrè.

"Mo pẹ́ kí n tó lọ, Bàbá."