Orúkọ Tó Wà Lára Ìgò

Aṣọ funfun tí Hassanat gbé wá kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì nínú láàbù tí Kúnbi ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìsọlọ̀, ó sì sọ pé òun wá gba èyí tó kù lára ọmọ òun, kí òun lè lọ sin ín.

Kúnbi mọ̀ pé ẹnu òun ni ó fa á. Ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé ní Mafoluku. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni ó pa Fawziyyah, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Kí ó tó kú, ìyá rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n fi díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ìwádìí. Lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí àwọn ààfáà ti lọ, Kúnbi wá ọ̀rọ̀ ìtùnú títí, ó wá sọ pé ẹ̀jẹ̀ Fawziyyah ṣì wà láàyè nínú ìgò, òun fúnra òun ni òun sì ń bọ́ ọ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Hassanat, tó ń ta ike ní Bọ́ládé, ti ń gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ láàárín ariwo ọjà. Ohùn náà kò sunkún. Ó kàn ń béèrè ìgbà tí wọn yóò sin òun tán.

“Ìyá Fawziyyah, ẹ jókòó ná.”

“Mi ò wá jókòó. Odindi ni a máa ń sin òkú. Ìwọ wá rọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi sínú ìgò bí ẹni tó ń tọ́jú oyin.”

Kúnbi ṣàlàyé pé ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí gbà wọ́n láàyè láti yí ọkàn padà. Bí òun kò bá tilẹ̀ ṣe ju pé kí òun má fún ẹ̀jẹ̀ inú ìgò náà ní oúnjẹ lónìí, kò ní pẹ́ kú. Oúnjẹ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti pápákọ̀ òfuurufú ni, nínú páálí tó kún fún yìnyín: ike kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ, tí ìyẹ̀fun funfun díẹ̀ wà nídìí rẹ̀.

Hassanat gbé ike náà sókè sí iná. “Kí ni èyí?”

“Púrótéènì ni, mà. Ara ènìyàn máa ń ṣe irú rẹ̀, láti fi sọ fún ẹ̀jẹ̀ pé kí ó máa pọ̀ sí i.”

“Ara ta ni ẹ ti yọ ọ́?”

“Ara ẹnikẹ́ni kọ́. Àwọn onímọ̀ mú ìlànà tí ara ènìyàn fi ń ṣe é, wọ́n fi sínú kòkòrò tí ojú kò lè rí. Kòkòrò náà ni ó ń bá wọn ṣe é.”

Hassanat rọra gbé e kalẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀. “Ti ènìyàn ni, kò sì sí ẹni tó ni ín. Ìyẹn ni o fi ń bọ́ ọmọ mi.”

Kúnbi gbé ìgò náà jáde nínú àpótí tó ń móoru, ó fi sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Nọ́ńbà ni òfin ní kí wọ́n kọ sára ìgò, ṣùgbọ́n kò lè fi nọ́ńbà pe ọmọ tí òun àti rẹ̀ jọ máa ń pọn omi nílé. FAWZIYYAH ni ó kọ sórí bébà tó lẹ̀ mọ́ ọn. Hassanat fojú sí awò náà. Àwọn nǹkan róbótó ń dán níbẹ̀ bí ẹyin ẹja, wọn kò lóǹkà.

“Wọ́n ń gbọ̀n,” ó sọ jẹ́jẹ́. “Òtútù ń mú un. Kò fẹ́ràn òtútù rí.”

Ó wu Kúnbi kí ó dákẹ́.

“Mo ṣì yín lọ́nà lọ́jọ́ àdúrà, mà. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó dára ti kú tipẹ́ nínú ìgò yìí. Èyí tí ẹ ń wò, àrùn náà ni.”

Hassanat kò gbé ojú kúrò.

“Ẹni tó pa á ni ò ń fún lóúnjẹ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Bí ó bá kú kí a tó mọ oògùn tó lè pa á, a ò ní rí nǹkan kan kọ́.”

“Orúkọ ọmọ mi ni o sì fi ń pè é.”



Hassanat fi èékánná ṣí etí bébà náà, ó bó o díẹ̀díẹ̀ títí odindi rẹ̀ fi kúrò lára ìgò. Ó gbé e sáàárín aṣọ funfun náà, ó ká a lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ lọ́la, òun yóò lọ sin ín sẹ́bàá ọmọ òun. Ní ti ìgò, kí Kúnbi máa bọ́ ọ, kí ó má jẹ́ kí ó kú kí wọ́n tó rí ohun tí yóò pa á.

“Ṣùgbọ́n má fún un lórúkọ mọ́.”

Nígbà tó lọ, Kúnbi po ìyẹ̀fun náà, ó kán an sínú ìgò, ó sì kọ nọ́ńbà sí i lára.

Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, ní wákàtí oúnjẹ gan-an, fóònù rẹ̀ dún. Ariwo Bọ́ládé ń bẹ lẹ́yìn Hassanat.

“Ohùn náà ti dákẹ́,” ni ó wí. Ó mí kanlẹ̀. “Ṣé o ti fún un lóúnjẹ?”

“Mo ti fún un, mà.”

Hassanat kò pa fóònù. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, bí ó ṣe máa ń béèrè Fawziyyah lọ́wọ́ àwọn ará ilé nígbà àìsàn ni ó ṣe béèrè:

“Ṣé ó jẹun dáadáa?”