Ìyá Ìyàwó Kò Gbọdọ̀ Hàn Nínú Fọ́tò

Ṣadé, jẹ́ kí n sọ àlá tí mo lá lóru àná fún ọ. Mo ń ya fọ́tò ìgbéyàwó nílé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan tí àwọn òyìnbó kọ́ sáàárín oko kòkó. Òjò ń rọ̀ nínú yàrá, oòrùn ń ràn níta. Gbogbo ẹbí tò sí fàráńdà òkè, tí kò ní irin ìdènà kankan létí.

Iná ti jó ìyá ìyàwó lójú rí, àpá rẹ̀ sì ṣì hàn. Ìyàwó wò wọ́n, ó ní, "Màámi ń ba fọ́tò mi jẹ́. Sọ fún wọn kí wọ́n sún sẹ́yìn."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀."

Wọ́n sún. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé ó ti tó, ọmọ mi?"

Ìyàwó ní kò tíì tó. Mo tún ní kí wọ́n sún, títí wọ́n fi jábọ́. Wọn ò pariwo. Gèlè wọn nìkan ló dúró lójú afẹ́fẹ́.

Ìyàwó ní, "Mú gèlè yẹn náà kúrò."

Mo mú un kúrò. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, mo sì yà wọ́n.

Ìgbà náà ni mo jí. N kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, Ṣadé. Àmọ́ ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé fọ́tò náà dára gan-an.