Iṣẹ́ Bàbá Rámẹ́ṣì

Ẹnu Bàbá Ògúnbọ̀dé ló kó bá Rámẹ́ṣì, bẹ́ẹ̀ ire ni baba náà fẹ́ ṣe. Òun ni olórí àwọn wẹ́dà níléeṣẹ́ páànù tí mo ti ń tọ́jú sítọ́ọ̀ ní Lẹ́kkí Free Zone. Rámẹ́ṣì, ẹnjiníà ará Íńdíà, ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ẹ̀rọ ńlá kan tó ti dákú ṣe ni, baba sì fẹ́ fi oríkì yìn ín. Níbi tiwa, iṣẹ́ baba la fi ń kì ọmọ.

“Engineer, kí ni bàbá yín ń ṣe?”

Rámẹ́ṣì kàn rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí àgbàlagbà mọ̀ pé ìyẹn gan-an lèsì. Baba ní kò sí iṣẹ́ tó ń tini lójú, pé alágbẹ̀dẹ ni bàbá tòun. Rámẹ́ṣì bá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé bàbá òun a máa bó awọ màlúù tó bá kú, a sì máa fi rán bàtà.

“Ọmọ oníbàtà! Ọmọ a-sọ-awọ-dẹ̀ṣọ́-ẹsẹ̀!” Baba ń pariwo, a ń pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá Míṣírà, máníjà wa tó jẹ́ ará Íńdíà bíi tirẹ̀, gbé kọ́ọ̀bù tíì rẹ̀ kalẹ̀, ó wọlé lọ.

Ó ti pẹ́ tí òun àti Rámẹ́ṣì ti jọ ń gbé ilé kan ní Igbó Ẹfọ̀n, tí wọ́n jọ ń jẹun. Rámẹ́ṣì ló tiẹ̀ ń sè é. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, iléeṣẹ́ ti gba fúláàtì fún Rámẹ́ṣì nìkan ní Ṣàngótẹ̀dó. Àwa rò pé ìgbéga ni, a kí i kú oríire. Samson dírẹ́bà gbàdúrà pé kí wọ́n lé òun náà bẹ́ẹ̀.

Rámẹ́ṣì ló là mí lóye. Ó ní nílé àwọn, ìdílé tí wọ́n bí èèyàn sí ló ń sọ ẹni tó lè bá a jẹun, pé aláìmọ́ sì ni wọ́n ń ka ìdílé tó bá ń bó òkú màlúù sí. Òfin ti ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ka ẹlòmíì sí aláìmọ́ mọ́, ṣùgbọ́n òfin kì í bá wọn jókòó sídìí tábìlì. Inú bí mi gidigidi.

Nígbà tí ọdún Dìwálì wọn dé, Ọ̀gá Míṣírà pè wá wá jẹun nílé rẹ̀, gbogbo wa àyàfi Rámẹ́ṣì. Bàbá Ògúnbọ̀dé, tí kì í jẹun ọ̀sán tí kò bá sí pọ̀nmọ́, ló jókòó ti ọ̀gá. Mi ò lè pa á mọ́ra.

“Ọ̀gá, àwa yìí ń jẹ awọ màlúù o. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń bá wa jẹun?”

Ó rò ó wò, kò bínú. “Rẹ̀míláyọ̀, ẹ̀yin ò sí nínú ètò ìdílé tiwa. Rámẹ́ṣì wà níbẹ̀, ó sì mọ̀.”

Bàbá Ògúnbọ̀dé nuwọ́, ó ní òun ti yó. Kò tíì jẹ nǹkan kan. Èmi àti ẹ̀ wọkọ̀ lọ sí Ṣàngótẹ̀dó.

Rámẹ́ṣì ṣílẹ̀kùn fún wa nínú aṣọ tuntun. Ó wo ẹ̀yìn wa.

“Ọ̀gá béèrè mi?”

“Ó béèrè yín gan-an,” ni Bàbá Ògúnbọ̀dé wí. “Ó ní bóyá òun máa yà tóun bá ráyè.”

Rámẹ́ṣì wọ kíṣìnì lọ. Nígbà tó jáde, àwo mẹ́rin ló tò sórí tábìlì. Bàbá Ògúnbọ̀dé nawọ́ láti mú àwo kẹrin kúrò, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.