Ọwọ́ Lórí Tábìlì

Nígbà tí rédíò ṣì tóbi bí àpótí aṣọ, téèyàn máa ń gbọ́ òórùn eruku tó ń jóná nínú rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, àwọn mẹ́rin kan wà tí wọ́n máa ń pàdé lọ́sàn-án gbogbo Sátidé, ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe. Wọn kì í mutí, wọn kì í ta ayò. Ìtàn ni wọ́n ń fẹnu rìn.

Bí eré náà ṣe rí nìyí. Ẹnì kan ni Atọ́nà. Òun ló ń sọ bí ayé inú ìtàn ṣe rí, bóyá òjò ń rọ̀ níbẹ̀, àti ohun tó fara pamọ́ sí kọ̀rọ̀. Àwọn mẹ́ta yòókù ní èèyàn kọ̀ọ̀kan nínú ìtàn náà, àwọn ló sì ń sọ ohun tí èèyàn wọn ṣe. Bí ohun náà bá le, wọ́n á ju dáìsì, iye tó bá yọ ló máa sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Inú ìwé kan tí atukọ̀ òkun kan gbàgbé sára rédíò tí kò padà wá gbà ni wọ́n ti kọ́ ọ, àmọ́ àárín ìwé náà ti ya dànù, ibẹ̀ gan-an sì ni òfin eré wà. Ni wọ́n bá ṣe òfin tiwọn. Ohun tí o bá sọ tí ọwọ́ rẹ ò sí lórí tábìlì, èrò lásán ni. Èyí tí o bá sọ tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ tẹ́ pẹrẹsẹ lórí pákó, ó ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Kò sí pé mo kàn ń ṣàwàdà ni. Atọ́nà fúnra rẹ̀ ò lè yí i padà.

Ọlọ́ṣọ́ọ̀bù ni Atọ́nà. Bàbá Gíà, tó fi ogójì ọdún wa ọkọ̀ akẹ́rù kó tó fẹ̀yìn tì, ló ń ṣe ọmọbìnrin ọdún méjìlá kan tó mọ igi gùn. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé lódìkejì títì ló ń ṣe jagunjagun kan tó fẹ́ràn láti máa fọ́ ilẹ̀kùn. Ẹnì kẹrin ni àbúrò Atọ́nà, obìnrin tó ń lọ aṣọ ní lọ́ńdìrì. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é nítorí ohùn rẹ̀. Nínú ìtàn, Ọlọ́kọ̀ ni orúkọ èèyàn tirẹ̀, obìnrin tó ń tu ọkọ̀ ojú omi tirẹ̀, tí kì í béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnì kankan.

Nílé, ọ̀tọ̀ ni. Látìgbà táwọn òbí wọn ti kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń yan gbogbo nǹkan fún un: ilé ìwé, iṣẹ́, títí dórí bàtà tí kò ní gba omi. Kì í ṣe ìkà. Ó kàn mọ́ ọn lára ni. Àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, lẹ́tà kan dé. Ọ̀gá lọ́ńdìrì fẹ́ ṣí òmíràn sí ìlú kan ní òdìkejì omi, ìrìn ọjọ́ méjì nínú ọkọ̀ òkun, ó sì fẹ́ kí Jẹ́jẹ́ lọ ṣe olórí ibẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ gbọ́ èsì ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Ẹ̀gbọ́n ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a, ó fi í sínú àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Jẹ́ ká ṣeré Sátidé tán ná," ló wí. "Màá sọ ohun tí mo rò fún ọ."

Jẹ́jẹ́ fẹ́ lọ débi pé kò lè jẹun. Ṣùgbọ́n ó mọ ara rẹ̀. Bí bùrọ̀dá bá ní rárá, ẹnu rẹ̀ á sọ pé ẹ ṣé sà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì padà sídìí áyọ́ọ̀nù. Kò tíì kọ ohunkóhun fún un rí láyé.

Ní Sátidé náà, òjò ṣú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi tan iná lọ́sàn-án gangan. Nínú ìtàn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so ọkọ̀ mọ́ erékùṣù kan ni.

"Ilé kan wà níwájú yín," Atọ́nà sọ láti ẹ̀yìn páálí tó máa ń fi bo àwọn ìwé rẹ̀. "Kò sí iná níbẹ̀. Nǹkan kan ń mí nínú rẹ̀. Ó ń fa èémí wọlé, ó ń pẹ́ kó tó tú u jáde."

"Mo mọ irú mímí yẹn," Nọ́ọ̀sì ní. "Aláìsàn tó bá ń mí bẹ́ẹ̀ kì í rí òwúrọ̀."

"Nọ́ọ̀sì, fi ọ̀rọ̀ ọsibítù sílẹ̀ o! Ọmọ ọdún méjìlá ni mí," ni Bàbá Gíà dáhùn, ó sì fa àga rẹ̀ sún mọ́ iná.

"Ọ̀nà mẹ́ta ló wọlé," Atọ́nà ń bá a lọ. "Ilẹ̀kùn òsì, ilẹ̀kùn ọ̀tún, àti fèrèsé tó fọ́. Ọlọ́kọ̀ ló wà níwájú. Kó yan èyí tó bá wù ú."

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà ni. Atọ́nà dìde lọ dá a lóhùn, bó sì ṣe ṣílẹ̀kùn ni atẹ́gùn fẹ́ wọlé tó gbé páálí rẹ̀ ṣubú. Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti gbé e. Ìwé mẹ́ta ló tú ká sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti kọ Òsì sórí ọ̀kan, Ọ̀tún sórí èkejì, Fèrèsé sórí ẹ̀kẹta. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lábẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: "Wọ́n já sí yàrá abẹ́ ilẹ̀. Ilẹ̀kùn tì. Àwọn méjì yọ. Ọlọ́kọ̀ ò jáde mọ́."

Ara rẹ̀ tutù láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kì í ṣe nítorí ilé inú ìtàn. Ó ti mọ ìdáhùn lẹ́tà rẹ̀. Ibi kan ṣoṣo láyé tó rò pé òun ti ń yan ọ̀nà, wọ́n ti yan án dè é níbẹ̀ náà. Ó to àwọn ìwé náà padà bí wọ́n ṣe wà, ó jókòó.

Ẹ̀gbọ́n padà dé. "Ó dáa. Èwo ni Ọlọ́kọ̀ mú?"

Jẹ́jẹ́ gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé tábìlì, sórí ojú ibi tí lẹ́ẹ̀dì gbígbóná tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ń jó wáyà pọ̀ ti jó pákó náà dúdú. "Kò mú ìkankan. Ó ń padà lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀."

Atọ́nà tú ìwé rẹ̀ wò. Kò sí èyí tó sọ nípa ìyẹn.

"Òjò ń le sí i," ló wí. "Òkùnkùn ti bo ọ̀nà."

"Ó ń lọ nínú òkùnkùn, sà."

"Ó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ látinú ilé." Ohùn ẹ̀gbọ́n yí padà, ó lọ sílẹ̀, ó fa ọ̀rọ̀ bí ìyá tiwọn gan-an ṣe máa ń fà á nígbà ayé rẹ̀. "Ọmọ mi, wọlé. Òjò ń pa ọ́. Ta lo fẹ́ fi mí sílẹ̀ fún?"

Nọ́ọ̀sì pàápàá wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí Jẹ́jẹ́ ti gbọ́ ohùn yẹn kẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ gbéra, ó fi èkejì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Ó gbọ́," ló wí. "Ó ń sunkún. Àmọ́ ó ń lọ."

"Kò sí ọkọ̀ mọ́. Omi ti gbé e lọ."

"Irọ́!" Bàbá Gíà na ìka. "Ọkọ̀ tí mo fọwọ́ ara mi so! Ọwọ́ mi wà lórí tábìlì nígbà tí mo sọ pé mo fi okùn so ó lẹ́ẹ̀mẹta, Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Atọ́nà, ẹ má bá wa ṣe mágòmágó o."

"Ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀," Nọ́ọ̀sì ní. "Ju dáìsì, ọ̀rẹ́ mi. Gbé páálí yẹn kúrò ná, kí gbogbo wa rí i."

Atọ́nà wo àbúrò rẹ̀. Ó rí i lójú rẹ̀ pé ó ti ka àwọn ìwé tó wà lẹ́yìn páálí. Ó gbé páálí kúrò.

"Bó bá jẹ́ mẹ́rin sókè, Ọlọ́kọ̀ lọ láìséwu. Bí kò bá tó mẹ́rin..." Kò parí rẹ̀. Ó ju dáìsì. Ó yí títí, ó fi ara gbá ẹ̀mú kan, ó dúró.

Méjì.

"Ọkọ̀ gbéra," ló wí wúyẹ́wúyẹ́. "Ìgbì fọ́ àjẹ̀ kan. Ọkọ̀ ń jò. Kò rí etí omi kankan, mímí yẹn sì ń tẹ̀ lé e bọ̀ lórí omi. Ó ku òun nìkan. Ṣé ohun tó o fẹ́ nìyẹn?"

Jẹ́jẹ́ rí omi dúdú náà bí ẹni pé inú yàrá ló wà.

"Ó ń gbọ́n omi dànù," ló wí. "Ó ń fi àjẹ̀ kan tó kù tu ọkọ̀." Ó na ọwọ́ kejì sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní lẹ́tà mi."

Ọkùnrin náà ki ọwọ́ bọ àpò àyà, ó mú lẹ́tà náà jáde.

"Ilé wa á tóbi jù fún èmi nìkan," ló wí. "Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà, sà."

Jẹ́jẹ́ gba lẹ́tà náà, ó tẹ́ ẹ sórí pákó, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó.

"Mò ń lọ," ló wí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo àtẹ́lẹwọ́ náà lórí pákó.

"Ọwọ́ wà lórí tábìlì o," Bàbá Gíà sọ jẹ́ẹ́, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni.