Sàtífíkéètì Tí Kò Ní Àṣìṣe

Oyèbísí kì í ka iṣẹ́ oníbàárà láti òkè wá sílẹ̀. Ìsàlẹ̀ ìwé ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á wá máa gun òkè bọ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, nítorí ó ní ẹni tó bá ń gbádùn ọ̀rọ̀ kò ní rí àṣìṣe. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń tẹ̀wé ní Ṣómólú, iṣẹ́ tó ní àṣìṣe kò sì tíì jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rí. Ohun tí ìwé náà ń sọ gan-an ńkọ́? Ìyẹn ò kàn án. Ta ló tiẹ̀ ń béèrè ládùúgbò yìí?

Láàárọ̀ ọjọ́ Tọ́sìdeè kan, ọdún kẹta tí àwọn sójà gbé ìjọba sílẹ̀, Látífàt, ọmọbìnrin tó ń bá a to ọ̀rọ̀ sórí kọ̀ǹpútà, ra ìwé ìròyìn bọ̀ láti Onípanu. Ó ń kà á sókè kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ ariwo.

"Mọ́mì, ẹ gbọ́ tàwọn òyìnbó. Wọ́n fẹ́ ṣòfin tuntun. Wọ́n ní ìlú kan tí wọ́n ń bá ṣọ̀tá ń fi ọkọ̀ òkun ta epo ní bòńkẹ́lẹ́. Ọkọ̀ gbígbó ni wọ́n ń lò. Wọ́n á yí orúkọ ẹ̀ padà, wọ́n á wá ayédèrú ìwé fún un. Ọ̀kan tiẹ̀ ti dá sí méjì lójú òkun! Tófin yẹn bá kọjá, kò sí èbúté tó máa gbà wọ́n mọ́. Orúkọ àwọn ọkọ̀ ọ̀hún rèé."

"Kà á ká gbọ́."

Látífàt ka mẹ́ta. Ẹ̀kẹrin ni *Merida Grace*.

Ọwọ́ Oyèbísí dúró gbagidi lórí bébà. M, E, R, I, D, A. Ó mọ àwọn lẹ́tà yẹn. Nígbà tí oníbàárà kan, Ọ̀gbẹ́ni Adéníjì, gbé iṣẹ́ tó ní orúkọ yẹn wá lóṣù méjì sẹ́yìn, D méjì ni Látífàt fi sí i, Oyèbísí ló yọ ọ̀kan. Sàtífíkéètì ni, pé wọ́n ti yẹ ọkọ̀ náà wò, pé kò lálèébù, pé ó lè rin òkun. Adéníjì ní iná ló jó èyí tó wà ní ọ́fíìsì àwọn. Oyèbísí ò gbà á gbọ́, kò sì bá a jiyàn. Ó kàn yọ D kan ni.

Ọlọ́pàá ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ìgbà tó ro tọlọ́pàá tán ló tó rántí ọmọ rẹ̀, ó sì bínú sí ara rẹ̀ gidigidi.

Babájídé, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti wọ ọkọ̀ epo kan lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó máa rí. Ìyá ò béèrè orúkọ ọkọ̀. "Ṣé ìwé wọn pé?" ló béèrè. Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè bí ìyá ṣe kọ́ òun. Kékeré ni ọmọ òǹtẹ̀wé Ṣómólú ti ń mọ̀ pé àṣìṣe ni wọ́n fi ń dá ayédèrú mọ̀.

Ó ní kí Látífàt bá òun tẹ nọ́ńbà Babájídé.

"Jídé! Ibo lẹ wà?"

"A ṣì wà lójú òkun Èkó, Mọ́mì. Ìrọ̀lẹ́ yìí la máa gbéra."

"Kí lorúkọ ọkọ̀ yẹn?"

"*Merida Grace*. Ṣé kò sí o?"

Ó jókòó lé orí bébà tí wọn ò tíì tú. Ọmọ ń bá tirẹ̀ lọ.

"Wàhálà kan tó wà níbẹ̀ ni pé omi ń wọlé nísàlẹ̀. Àtàná la ti ń gbọ́n ọn. Àwa ọmọ Nàìjíríà mẹ́fà la wà ńbí, ẹ̀rù ń ba àwọn yòókù, wọ́n fẹ́ bá ọkọ̀ tó gbé oúnjẹ wá padà. Èmi ni mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Mo ní mo ti rí sàtífíkéètì, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀, ìyá mi sì ń tẹ̀wé, ayédèrú ò lè kọjá lójú mi."

Oyèbísí káwọ́ lérí. Ó lè parọ́. Ó lè ní àìsàn dá òun gúnlẹ̀, kó máa bọ̀ nílé kíá. Irọ́ yẹn á yọ Babájídé, òun nìkan. Àwọn márùn-ún yòókù á bá ọkọ̀ tó ń jò yẹn lọ sójú agbami, nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n gbọ́.

"Jídé, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ tẹ kí ni?"

"Sàtífíkéètì yẹn. Ẹnikẹ́ni ò yẹ ọkọ̀ yẹn wò. Ayédèrú ni. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, gbogbo yín."



"Mọ́mì, mo mà kà á dáadáa."

"Èmi náà kà á dáadáa, ọmọ mi."

"Tí wọ́n bá bi mí pé ta ló sọ pé ayédèrú ni ńkọ́?"

Ìtìjú fẹ́ gbé e mì, ṣùgbọ́n ó dáhùn. "Sọ pé ìyá ẹ ni. Sọ pé òun ló ṣe é."

Ó gbọ́ tí Babájídé gbé fóònù kúrò létí, tó ń pe àwọn márùn-ún yòókù lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì ń sọ fún wọn pé ayédèrú ni, pé ìyá òun ló ṣe é.