Ìbéèrè Tí Stamena Há Sórí

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Stamena há sórí ní èdè Gíríìkì. Obìnrin àdúgbò rẹ̀ kan tó máa ń lọ ká èso nílẹ̀ Gíríìsì ló kọ́ ọ. Láti Petrich, ìlú rẹ̀, ló ti ń tún un sọ nínú bọ́ọ̀sì títí wọ́n fi kọjá ẹnubodè: "Ṣé ẹ máa dúró tì wá?"

"Àǹtí Stamena, ẹ jẹ́ kó sinmi," ni Zdravka tí wọ́n jọ ń ránṣọ wí. "Ọ̀rọ̀ yẹn á gbó mọ́ yín lẹ́nu."

"Bó bá gbó, mo mọ aṣọ́ lẹ̀. Panu dé."

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kì í ṣe eré. Ooru ilé iṣẹ́ ìránṣọ wọn ti ń mú èèyàn dákú, ọ̀gá kọ̀, kò ra fáànù, ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá daṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó kó aṣọ tí wọ́n ti gé lọ sí ilé iṣẹ́ rẹ̀ kejì ní Serres, nílẹ̀ Gíríìsì. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìlú méjèèjì kò sì tíì fojú kanra rí. Bí àwọn ti Serres bá rán aṣọ náà pẹ́nrẹ́n, ìyanṣẹ́lódì Petrich ti fọ́ nìyẹn.

Nígbà tí àwọn méjèèjì tí ẹgbẹ́ rán dé gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Serres, Evanthia tó jẹ́ alága ibẹ̀ dìde kí wọn. Stamena mí kanlẹ̀, ó bi ìbéèrè rẹ̀.

"Nẹ́!" ni gbogbo ilé hó tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Stamena yíjú sí ilẹ̀kùn. Ní Petrich, "nẹ́" ni rárá.

"Wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín sí wa! Zdravka, gbé báàgì, ká máa lọ."

Evanthia sáré dínà mọ́ wọn. Ó wọ́ àpò ńlá kan jáde láti yàrá ẹ̀yìn, ó gbé e sórí tábìlì. Àpò kọ́là ẹ̀wù tí wọ́n gé ní Petrich ni, èyí tí Stamena fọwọ́ ara rẹ̀ dì. Kókó tó ta sí i ṣì wà níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ kò kàn án.

"Nẹ́! Nẹ́!" Evanthia gbá àpò náà, ó sì gbá Stamena mọ́ra.

"Àǹtí!" Zdravka figbe ta. "Nẹ́ tiwọn, bẹ́ẹ̀ ni ni!"

"Yéè! Mo kọ́ ìbéèrè, mi ò kọ́ ìdáhùn!"

Ẹ̀rín sọ gèlè Stamena sílẹ̀. Evanthia gbé páì wàràkàṣì wá, ó nàka sí i: ṣé ó máa jẹ? Ebi ti ń pa Stamena láti àárọ̀. Ó mi orí sọ́tùn-ún, ó mi í sósì, bí gbogbo ará Petrich ṣe máa ń forí sọ bẹ́ẹ̀ ni.

Evanthia gbé páì rẹ̀ lọ.

"Nẹ́!" Stamena sáré tẹ̀ lé e, ó ń fi èdè Gíríìkì ké. "Nẹ́! Nẹ́!"