Etí Màmá Nínú Àpò Ọ̀rá

Òfin kan ṣoṣo ni Tíṣà gbé kalẹ̀ nínú ilé ọkọ rẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ju ọ̀rá bísíkíìtì nù. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé, kò sì sí ohun tí kò lè ṣàlàyé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọ̀rá yìí kò dà bí ike omi tí wọ́n ń rà kiri. Ike ni ẹ̀yìn rẹ̀, páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń dán ni inú rẹ̀, wọ́n sì ti lẹ̀ wọ́n pọ̀ débi pé kò ṣeé yà. Àwọn tó ń ra ike kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Iléeṣẹ́ kékeré kan ṣoṣo ló ń gbà á, lẹ́yìn ọgbà ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n á lọ̀ ọ́ wẹ́wẹ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a, wọ́n á sì fi iná tẹ̀ ẹ́ di pákó tí wọ́n fi ń kan bẹ́ǹṣì.

Ọ̀rọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ wọ Màmá, ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń bá wọn gbé, létí. Wọ́n ní àwọn ti rí ìyàwó tó ń kó aṣọ jọ, àwọn ti rí èyí tó ń kó abọ́ jọ, ṣùgbọ́n ìyàwó tó ń kó ìdọ̀tí jọ, ti àwọn yìí ni àkọ́kọ́. Síbẹ̀, bísíkíìtì ni oúnjẹ àárọ̀ wọn, ọ̀rá tiwọn gan-an ló pọ̀ jù nínú àpò tí Tíṣà ń kó o sí.

Etí Màmá ti ń di fún bí ọdún mẹ́ta. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni wọ́n fi ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ ní ọsibítù kí wọ́n tó rí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn gbà, nǹkan kékeré tí kò tóbi ju èkùrọ́ lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi í sétí, wọ́n ṣí omi ẹ̀rọ, wọ́n dúró tì í, wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń dà. Ohun kan ṣoṣo ló ń yọ wọ́n lẹ́nu: bí wọ́n bá ń rún bísíkíìtì, á máa dún lágbárí wọn bí ìgbà tí wọ́n ń fọ́ òkúta. Nítorí náà, wọ́n máa ń yọ ọ́ bí wọ́n bá fẹ́ jẹun.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, Màmá yọ ọ́, wọ́n sì fi í sínú ọ̀rá tó ti ṣófo kó má baà jábọ́. Oorun gbé wọn lọ lórí àga. Tíṣà, tí aago ti ń lé, gbá gbogbo ọ̀rá orí tábìlì sínú àpò, ó já a sí iléeṣẹ́ náà, ó sì bá iṣẹ́ lọ.

Nígbà tó dé lọ́sàn-án, ó bá Màmá lórí ìkúnlẹ̀, ọwọ́ wọn lábẹ́ àga. Wọn kò gbọ́ ìkíni rẹ̀. Ó kọ ọ́ sórí ìwé fún wọn pé níbo ni ẹ̀rọ ìgbọ́ràn wọn wà. Wọ́n kà á, wọ́n ronú díẹ̀.

"Inú ọ̀rá ni mo fi í sí. Ọ̀rá tó wà lórí tábìlì níbí."

Eré ni Tíṣà sá dé iléeṣẹ́ náà, ó sì ń bá ara rẹ̀ wí lójú ọ̀nà. Òun ló ṣòfin, òun ló kó ọ̀rá, òun náà ló tún gbé etí ìyá ọkọ òun lọ fún ẹ̀rọ.

Obìnrin tó ń darí iṣẹ́ níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Ojú-àwòdì, nítorí ọ̀rá tí kò yẹ kì í gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ó gbọ́ àlàyé Tíṣà tán, ó ní ìdajì àwọn àpò òní ti wọnú ẹ̀rọ, ìyókù ló wà nílẹ̀ yẹn. Òkìtì náà ga dé ìbàdí. Òun àti òṣìṣẹ́ méjì bá Tíṣà tú u wò, wọ́n ń yẹ ẹnu ọ̀rá kọ̀ọ̀kan wò. Wọn kò rí nǹkan kan. Tíṣà fẹ́ sunkún. Ìgbà náà ló rántí bí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn náà ṣe máa ń ṣe bí Màmá bá fi etí lé ìrọ̀rí.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ pa ẹ̀rọ yín. Bí nǹkan bá bo ẹ̀rọ kékeré tí mò ń wá yẹn, ó máa ń súfèé."

Ojú-àwòdì wò ó, ó sì pa iná. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bu ọ̀rá ní ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń rọra fún un lẹ́bàá etí. Ẹni tó bá wọlé á rò pé orí àgbàlagbà mẹ́rin ló dàrú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kù díẹ̀ kí òkìtì tán kí súfèé tín-ín-rín bíi ti ẹ̀fọn tó dún lọ́wọ́ Ojú-àwòdì. Ọ̀rá kékeré kan ló há sínú ńlá. Ó tú u, ẹ̀rọ náà sì bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, èérún bísíkíìtì lára rẹ̀.

"Ojú mi ò rí i o," ló wí. "Etí ló bá mi rí i."

Tíṣà jókòó sórí àpò, ó mí kanlẹ̀, ẹ̀rín àti omijé sì dé pọ̀. Wọ́n bu omi fún un mu.

Nílé, Màmá nu ẹ̀rọ náà, wọ́n fi í sétí, wọ́n sì ní kó sọ̀rọ̀. Tíṣà kúnlẹ̀, ó ròyìn bí wọ́n ṣe pa ẹ̀rọ iléeṣẹ́ kí wọ́n tó rí i, ó ní kí wọ́n má bínú, òun ò ní kó ọ̀rá jọ mọ́.

"Dìde jàre. Ká ní inú garawa ìdọ̀tí ni mo fi í sí, orí ààtàn là bá máa wá a kiri. Ta ló máa pa ẹ̀rọ fún wa níbẹ̀?"

Wọ́n fà á jókòó tì wọ́n. Wọ́n sọ fún un pé kì í ṣe nǹkan náà gan-an ló ń ba àwọn lẹ́rù láti ọ̀sán. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni kí àwọn tún padà sí ìgbà tí gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín, tí àwọn náà á kàn máa fi eyín hàn láìmọ ohun tí wọ́n sọ. Tíṣà kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí, ó sì di ọwọ́ wọn mú pẹ́.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó béèrè bí ọjọ́ ṣe rí. Màmá ló yára dáhùn, wọ́n ní kò sí nǹkan kan, ìyàwó àwọn kàn jáde ni, ó sì ti wọlé. Tíṣà gbójú sókè, ó ń wo àjà kí ẹ̀rín má baà bọ́ lẹ́nu rẹ̀.